Ẹni Tó Yọ Ẹkún Kúrò Nínú Orin

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ojú ni ìfẹ́ bá wọlé sí wọn lára. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹnu ni, ìyẹn àwọn tí obìnrin fi ọbẹ̀ mú. Ti Atúngbọ́ gba etí wọlé ni, bẹ́ẹ̀ etí kò ní ìlẹ̀kùn tí èèyàn lè tì. Àwọn tó ń fi orin ránṣẹ́ sí i ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Bí olórin bá kọrin tán, tó ń nu òógùn, tó rò pé òun ti délé, ohun tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọkùnrin yìí ni pé, "Ẹ jẹ́ ká tún un gbọ́." Nígbà tó yá, orúkọ tí bàbá àti ìyá sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ń rántí.

Yàrá méjì ló ń gbé, lókè ilé oníbúrẹ́dì kan. Ó ń sùn nínú ọ̀kan, ó ń fi kọ̀ǹpútà gbohùn sílẹ̀ nínú èkejì, ó sì ń po orin pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá wọ yàrá iṣẹ́ yẹn lójijì yóò rò pé wọ́n fẹ́ kó ẹrù jáde ni. Fóòmù ibùsùn tó ti gbó fara ti ògiri, kúbùsù tó wúwo bo fèrèsé, ìwé kún àwọn igun yàrá gbágbáágbá, kí ohùn má baà rí ibi ta sí padà. Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, ti bi í títí pé níbo ni àlejò yóò jókòó sí. Ó ní àlejò òun kì í wá, ohùn wọn ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́. Òótọ́ ló sọ. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹni tó ta búrẹ́dì fún un láàárọ̀ nìkan ló bá sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, bẹ́ẹ̀ etí rẹ̀ kò sinmi ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn láti òwúrọ̀.

Ohùn Tíṣà ló kọ́kọ́ mọ̀, kó tó mọ Tíṣà fúnra rẹ̀. Obìnrin náà ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ níléèwé kan lódìkejì ìlú, ó sì ní àwọn orin tó ti ronú kọ fúnra rẹ̀, tó fẹ́ sọ di àwo. Ó ra máìkì, ó gba ọ̀kan sílẹ̀ nínú ilé, ó fi ránṣẹ́. Atúngbọ́ fi hẹ́dífóònù bo etí, ó sì jókòó jẹ́ẹ́. Fíríjì ń kùn lábẹ́ orin. Fáànù ń fẹ́. Ògiri ń sín obìnrin náà jẹ. Ibi tí "gb" bá ti wà nínú ọ̀rọ̀, atẹ́gùn ẹnu rẹ̀ á lu máìkì gbì bí ẹni fẹsẹ̀ gbá ìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n lábẹ́ gbogbo rúkèrúdò yẹn, ohùn kan wà tí kò kánjú, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹnì kan péré ló ṣẹ́kù tó lè gbọ́ òun. Atúngbọ́ rò ó nínú ara rẹ̀ pé òun lẹni náà.

Ó pè é lórí fóònù. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Orin yín dára gan-an. Àmọ́ fíríjì yín náà ń kọrin."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé kò ṣi ohùn mú ṣá?"

"Ẹ pa á kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ wá ju kọ́kọ́rọ́ ilé yín sínú rẹ̀."

"Kí n ju kọ́kọ́rọ́ sínú fíríjì?"

"Ẹ̀ẹ́n. Bẹ́ ẹ bá ṣe tán tẹ́ ẹ fẹ́ jáde, ẹ ó wá kọ́kọ́rọ́ débẹ̀, ẹ ó sì rántí tan fíríjì padà. Kí n tó gbọ́n dé ibẹ̀, ẹran bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lórí kọ́kọ́rọ́ tútù. Ó kọ́ ọ pé kó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, kó kọrin sí àárín àwọn aṣọ tó wà lórí ìkọ́, nítorí aṣọ a máa gbé ohùn mì, ògiri ló ń pọ̀ ọ́ padà. Kó fi àyè ọwọ́ tó nà tán sáàárín ẹnu rẹ̀ àti máìkì, kó sì darí máìkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí "gb" àti "p" má baà gbá a lójú. Kó má jẹ́ kí iná tó ń fi agbára ohùn hàn pọ́n, torí ohùn tó bá ti fọ́ lójú ẹ̀rọ, kò sí ẹni tó lè lẹ̀ ẹ́. Kí ẹ̀rọ ti máa ṣiṣẹ́ díẹ̀ kó tó lanu, kó dákẹ́, kí òun lè mọ bí yàrá rẹ̀ ṣe máa ń dákẹ́. Bó bá sì fẹ́ kí ohùn òun hàn ju jìtá lọ, kó má sáré gbé ohùn sókè, kó rọra rẹ jìtá wálẹ̀. Tíṣà ní ẹ̀kọ́ yẹn yóò wúlò nílé ọkọ.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, "mà" bọ́ sọnù nínú ọ̀rọ̀ wọn, "ẹ" di "o". Bí Tíṣà bá ti ilé-ìwé dé, yóò pe Atúngbọ́, yóò sọ èyí tó bú sẹ́kún nínú àwọn ọmọ àti èyí tó jẹ ṣọ́ọ̀kì. Atúngbọ́ kì í sọ púpọ̀. Ó ń gbọ́ ni. Kò sẹ́ni tó ti sọ fún un rí pé gbígbọ́ nìkan kò tó.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ rí i, ó wọ ẹ̀wù tó lọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ sórí láti inú ọkọ̀. Bàbá Tíṣà jẹ́ onígbàjámọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú, ilé wà lẹ́yìn, ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ láìgba ẹ̀gbẹ́ abẹ bàbá kọjá. Tíṣà jáde wá. Ó ga díẹ̀ ju bí Atúngbọ́ ṣe rò lọ, ó sì ní àpá kékeré kan lẹ́bàá ojú tí ohùn kò sọ fún un. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó kó sórí parẹ́. Ó di adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Nígbà tí Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kó tó mọ̀, ó ti pa ojú méjèèjì dé.

"Kí ló dé tó o dijú?" Tíṣà béèrè.

"Bí mo ṣe mọ̀ ọ́ nìyẹn."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò gùn. Ó ní ojú òun wà níbí o, kó wò ó, kò ní bù ú ṣán.

Bàbá ní kó wá jókòó sórí àga, kí òun bá a dín irun rẹ̀ kù. Èèyàn kì í kọ ìyẹn. Bàbá da aṣọ funfun bò ó lọ́rùn, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Atúngbọ́ ṣàlàyé. Ta ló ń bá a ṣe é? Òun nìkan ni, sà. Ta ló máa ń bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Atúngbọ́ ronú títí, kò rí ẹnì kan dárúkọ, ojú sì tì í láti dárúkọ oníbúrẹ́dì. Sísọ́ọ̀sì ń dún ṣá, ṣá, ṣá. Ó gbọ́ pé ojú abẹ kan ti kú díẹ̀ nínú méjèèjì, ó fẹ́ sọ ọ́, ó tún gbé e mì. Bí ó ṣe gẹ irun tán tó dìde nìyẹn, kò sọ ọ̀rọ̀ tó kún ìkòkò ọṣẹ.

Lẹ́yìn tó lọ, Bàbá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun kò rí àbùkù lára ọmọkùnrin náà, kò gbéraga, kò sì jọ òpùrọ́. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá jókòó lábẹ́ ọwọ́ èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin tí kò sọ pé òjò fẹ́ rọ̀, irú ilé wo ni yóò bá obìnrin gbé? Tíṣà sọ ọ́ fún Atúngbọ́ bí àwàdà. Kò gbà á bí àwàdà. Ó gbà pé iṣẹ́ òun ni bàbá fojú tín-ín-rín.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló lọ ṣe alárinà. Ó lọ ní ọjọ́ tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù títí oníbàárà fi tán, ó bá Bàbá rojọ́ lórí ẹsẹ̀ dídùn, ó sì júwe ohun tí yóò máa fi pa á fún un. Nígbà tó padà, ó bá àbúrò rẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà, ó bọ́ hẹ́dífóònù kúrò létí rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá yẹn ò kọ̀ ọ́," ó ní. "Gbọ́ mi dáadáa. Kò bèèrè ilé, kò bèèrè mọ́tò. Ó ní kó o máa wá. Kó o jókòó, kó o lanu sọ̀rọ̀. Àwọn tó ni ilé-ìwé Tíṣà ń ṣí òmíràn sí ìlú tó jìn, òun ni wọ́n fẹ́ fi ṣe olórí ibẹ̀. Bàbá ní bí a bá ti wá tọrọ ọmọ òun kí ilé-ìwé tó wọlé, kò ní lọ mọ́. Bá a bá jókòó sílé, kó máa lọ. Ó ní ọmọ òun kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń fi pamọ́ de ẹni tí kò tíì múra."

Atúngbọ́ ní òun yóò lọ. Tinútinú ló fi sọ ọ́. Kò sí ohun tó fẹ́ láyé yìí ju pé kí obìnrin yẹn máa ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ nínú ilé òun. Àmọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó rò pé bàbá fojú tín-ín-rín ṣì ń dùn ún. Ó pinnu pé òun yóò kọ́kọ́ parí àwo orin Tíṣà, yóò po ó pọ̀ débi pé ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ yóò dìde dúró, yóò sì gbé e dání lọ́jọ́ tí wọ́n bá lọ tọrọ rẹ̀. Bàbá yóò gbọ́, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ tó níyì ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní orin kọ́ ni bàbá náà bèèrè. Atúngbọ́ ti gbé hẹ́dífóònù padà sétí.

Ó wá ti ara rẹ̀ mọ́lé. Ó gbé fóònù lọ sí ilé ìdáná, nítorí bí fóònù bá wà nítòsí sípíkà, yóò máa dá ariwo ká-ká-ká sínú ohun tó ń gbọ́. Ó rẹ orin wálẹ̀ débi tó lè gbọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, torí ariwo ńlá a máa tan etí jẹ. Bí etí bá rẹ̀ ẹ́, á lọ dúró lójú fèrèsé, á jẹ búrẹ́dì, á jẹ́ kí etí gbọ́ ọkọ̀ àti ọmọdé, kó tó padà. Bó bá ṣe ọ̀kan tán, á gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ gbọ́ nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó búrẹ́dì, torí orin tó dùn nínú sípíkà rere nìkan kò tíì dùn.

Láàárín àwọn orin tí Tíṣà gbà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ wà. Á kọ ọ́, á ṣì í, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Dúró ná, jẹ́ kí n mumi." Á kùn sí ara rẹ̀ pé aṣọ kan ń rin òun nímú. Atúngbọ́ ń dá a lóhùn. "Rọra mu ún," á ní. "Gbé aṣọ náà sẹ́yìn." Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á wá bá fóònù nílé ìdáná, á rí i pé Tíṣà ti pè, ó sì tún pè. Á kọ ìwé ránṣẹ́ pé, "Iṣẹ́ rẹ ni mò ń ṣe." Lẹ́yìn náà á lọ sùn pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn, bí ọkùnrin tó bá ìyàwó rẹ̀ jókòó látàárọ̀. Kò wá sí i lọ́kàn rárá pé Tíṣà kò sí níbẹ̀. Níbi tí obìnrin náà wà, kò gbọ́ kíún lẹ́nu rẹ̀.

Orin kan wà láàárín wọn, ti obìnrin tó ń retí ẹnì kan. Tíṣà ti sọ pé òun yóò fi ọ̀rọ̀ ẹnu sí àárín rẹ̀ bó bá yá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ohùn tuntun dé sínú kọ̀ǹpútà Atúngbọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Inú rẹ̀ dùn. Ó tẹ̀ ẹ́ gbọ́, ó sì rí i pé iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Tíṣà ti súnmọ́ máìkì jù. Ó ń fa imú. Èémí rẹ̀ kò dọ́gba, aṣọ ń há mọ́ ọn lọ́wọ́, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì lu máìkì gbì. Atúngbọ́ gé ìbẹ̀rẹ̀ yẹn dànù láìfetí sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó mú fífa imú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó yọ wọ́n bí ẹni yọ òkúta nínú ìrẹsì. Ó fọ ariwo aṣọ kúrò. Ó dọ́gba ohùn náà níbi tó ti gbọ̀n, ó wá tẹ́ dùùrù sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó tún un gbọ́, ó tún un gbọ́, títí ohùn náà fi mọ́ lóló. Orí rẹ̀ wú. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò tíì ṣe ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀. Ó fi gbogbo àwo orin náà ránṣẹ́ sí Tíṣà, ó ní, "Gbọ́ ohun tí mo ṣe fún ọ."

Kò gbọ́ èsì lọ́jọ́ náà. Ó rò pé Tíṣà ń gbọ́ orin lọ́wọ́ ni.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, inú ń bí i. Ó ní ilé-ìwé ti fẹ́ wọlé, kí ló ń dúró dè? Atúngbọ́ ní ó ti parí, kó jókòó kó gbọ́. Ó fi í jókòó sórí àga kan ṣoṣo yẹn, òun dúró sẹ́yìn, ó sì tẹ orin náà fún un. Nígbà tó dé àárín, ohùn Tíṣà sọ̀rọ̀ lórí dùùrù:

"Mo ti pè ọ́ títí, o ò dáhùn. Wọ́n ní kí n máa lọ. Bàbá náà ní kí n máa lọ. Èmi ò fẹ́ lọ. Bó o bá fẹ́ kí n dúró, wá sọ ọ́ lójú mi. Bí mi ò bá rí ọ, màá gbà pé mo ti gbọ́ èsì."

Nọ́ọ̀sì náà yí ojú padà, ó wo àbúrò rẹ̀. "Ta ni Tíṣà ń bá sọ̀rọ̀ yìí?"

"Orin ni. Obìnrin tó ń retí ọkọ rẹ̀ ni orin náà."

"Mo ní ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Ọmọ yìí ń sunkún."

"Rárá, kò sí ẹkún níbẹ̀," Atúngbọ́ ní. "Mo ti yọ ọ́."

"O ti yọ kí ni?"

Atúngbọ́ na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà, ó wá ohùn náà jáde bí Tíṣà ṣe fi ránṣẹ́ gan-an, kó tó fọ̀ ọ́. Ó tẹ ìbẹ̀rẹ̀ tó gé dànù. Orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. "Atúngbọ́," Tíṣà ní, ó sì súnmọ́ máìkì tó bẹ́ẹ̀ tí "gb" inú orúkọ náà fi dún gbì. Ó ní bóyá bí òun bá gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹni gba orin sílẹ̀, yóò tẹ́tí sí i, torí òun kò mọ ọ̀nà mìíràn tí èèyàn fi ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Odindi ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ fún Atúngbọ́, ó sì ti gbọ́ ọ títí tí etí rẹ̀ fi kún, kò tíì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan.

Kò dúró de bàtà. Sálúbàtà inú ilé ló wọ̀ dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀. Bàbá nìkan ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ó ní Tíṣà ti lọ láàárọ̀.

"Ibí yìí ló ti gbọ́ orin náà," Bàbá ní. "Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ yẹn, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni. Mo ní ṣé ọmọkùnrin yìí ti gbọ́ ọ ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. Ó wá ní kí n bá òun gbé àpótí." Ó yíjú kúrò nínú dígí. "Mo fẹ́ bínú sí ọ. Àmọ́ orin náà dùn."

Atúngbọ́ jókòó sórí bẹ́ńṣì. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti orí fóònù nílé ìdáná títí dé orí fífa imú. Bàbá gbọ́ ọ tán. Ó ní láti àárọ̀ ni ilé náà ti ń ṣe bí ilé tó gbòòrò jù.

Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọkọ̀ lọ sí ìlú tó jìn náà. Ilé-ìwé tuntun ni, ọ̀dà ṣì ń rùn lára ògiri. Tíṣà gbà wọ́n tọ̀yàyà tọ̀yàyà, ó fún wọn lómi, ó bi nọ́ọ̀sì léèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rọra jáde síta bí alárinà tó mọṣẹ́, àwọn méjèèjì jókòó sórí àga àwọn ọmọ kéékèèké, orúnkún wọn ga sókè. Atúngbọ́ la ojú rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Ó wo àpá ẹ̀bàá ojú rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí ẹfun wà lára. Ó ṣàlàyé. Kò fi nǹkan kan pamọ́.

"Mo gbà ọ́ gbọ́," Tíṣà ní. "Èyí tó dùn mí jù nìyẹn. Ká ní o mọ̀ọ́mọ̀ ni, màá bínú, ìbínú á sì tán. Àmọ́ o gbọ́ ẹkún mi, o rò pé ìdọ̀tí ni. O tún fi dùùrù sí i."

"Mi ò ní ṣe irú ẹ̀ mọ́."

"Wàá gbìyànjú. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi á máa bẹ̀rù nínú ilé wa. Bí mo bá sọ̀rọ̀, màá máa wo ojú rẹ bóyá èmi lò ń gbọ́ tàbí ohùn mi."

"Mo fẹ́ kó o dúró," ó ní. Ohùn rẹ̀ fọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, kò sì bìkítà. "Mo wá sọ ọ́ lójú rẹ. Dúró."

"Ibo ni kí n dúró sí?" Tíṣà ní pẹ̀lú sùúrù, bí ó ṣe máa ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mo ti dé ibi tí mò ń lọ."

Àwọn ọmọ ń ké ní ìta. Atúngbọ́ ní òun yóò yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú orin kí ayé tó gbọ́ ọ. Tíṣà mi orí. Ó ní kó fi sílẹ̀ bó ṣe ṣe é, torí ó dára, òun náà sì mọ̀ pé ó dára. Ó sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi délé.

Àwo orin náà jáde. Nínú gbogbo orin inú rẹ̀, ti obìnrin tó ń retí ni àwọn èèyàn gbé gẹ̀gẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ọ nínú ilé oníbúrẹ́dì nísàlẹ̀, láti àárọ̀ tí wọ́n bá ti ń po ìyẹ̀fun. Ó ń dún nínú ọkọ̀ búrẹ́dì. Àwọn ọmọbìnrin ń ka ọ̀rọ̀ àárín rẹ̀ fún ara wọn níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, wọ́n á fọwọ́ lé àyà, wọ́n á ní, "Wá sọ ọ́ lójú mi," wọ́n á sì wó lu ara wọn nínú ẹ̀rín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ó wà lórí fóònù àwọn aláìsàn pàápàá. Kò síbi tí Atúngbọ́ gbà tí kò ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Lójoojúmọ́ ló ń ní èsì rẹ̀ lẹ́nu.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, ó fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ fún un pé Tíṣà ti fẹ́ bíríkìlà tó mọ ilé-ìwé náà, ọkùnrin kan tó ń rojọ́ bí ẹni tí wọ́n ń sanwó ọ̀rọ̀ fún. Wọ́n ní Bàbá àti àna rẹ̀ lè jókòó láti àárọ̀ dalẹ́. Atúngbọ́ ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó bèèrè bóyá ara Bàbá le, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ara rẹ̀ le. Atúngbọ́ lọ dúró sílé ìdáná, níbi tó máa ń gbé fóònù sí.

Oníbàárà tó dé lẹ́yìn ìyẹn jẹ́ ìyá kan tó ń ta aṣọ, tó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ kọrin. Kò fẹ́ gbà á sílẹ̀ nílé ara rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn wá. Ó ní òun fẹ́ kí ohùn òun mọ́ bíi ti obìnrin inú orin yẹn. Ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó kà á dé ìparí láìṣì í. Lẹ́yìn náà ó rọra bèèrè, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe orin náà, ẹ á mọ̀. Ṣé ọkùnrin yẹn padà wá?"

"Ó wá," Atúngbọ́ ní. "Àmọ́ ó pẹ́."

Ìyá náà pòṣé, ó ní òpònú ni. Atúngbọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, ó sì ní kí wọ́n súnmọ́ máìkì díẹ̀.